Kí A Tó Dá Ìbọn Lẹ́bi

 Ọ̀rọ̀ ìbọn ni mo gbé wá lónìí. Ẹ má jẹ́ kí àyà yín já, nítorí ọ̀rọ̀ ìbọn náà ti inú ẹbí wá, inú ẹbí náà ni yóò sì parí sí.

Ọdẹ ni Bàbá tí ó bí ìyá mi. Ìwàrò-Ọ̀kà ni ó ń gbé, ní ẹsẹ̀ òkè tí gbogbo ẹni tí ó bá ti gba ọ̀nà Àkùngbá wọ ìlú wa mọ̀. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni mo ti ń rí ìbọn ìbílẹ̀ rẹ̀ tí ó gbé kọ́ ara ògiri yàrá, tí ìwé àṣẹ rẹ̀ sì wà nínú àpò ọ̀rá lábẹ́ ìrọ̀rí. Ó máa ń sọ fún wa pé ẹni tí ó bá ní ìbọn tí kò ní ìwé, ejò ni ó ń sìn nínú ilé. Òótọ́ ni. Òfin ìbọn ọdún 1959, tí ó ṣì wà títí di òní ní ilẹ̀ Nàìjíríà, pín ìbọn sí ìsọ̀rí 3, ó sì fi ìbọn tí a ń ki láti ẹnu sí ìsọ̀rí tirẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tí a lè ní láìgba àṣẹ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ní ìparí ọdún tí ó kọjá, ohun kan ṣẹlẹ̀. Bàbá rí ọ̀yà kan ní etí oko lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, ó sì yìnbọn sí i. Ọ̀yà sá lọ. Ìró tí ó tẹ̀lé ìró ìbọn náà ni igbe ọmọ. Ahéré aládùúgbò oko wa wà ní apá ọ̀tún ibi tí ọ̀yà náà dúró sí, ìyá kan sì tẹ́ ọmọ rẹ̀ sùn síbẹ̀. Ọta fọ́n sí ara ògiri amọ̀, méjì nínú rẹ̀ sì gba ojú fèrèsé wọlé. Ọlọ́run ni ó yọ ọmọ náà. Ariwo ni ó jí i, ọta kò bà á.

Bàbá lọ bẹ àwọn òbí ọmọ náà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ẹni tí ó lè bí lọ́mọ. Nígbà tí ó padà dé ilé, ohun kan ṣoṣo ni ó sọ: “Ìbọn yìí ti ya ojú. Ó ń fà sí ọ̀tún.” Mo dáhùn kíá pé, “Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. A óò gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ.”

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ fún yín níbí. Nígbà tí mo ń sọ “bẹ́ẹ̀ ni” yẹn, mo mọ̀ pé irọ́ ni mo ń pa. Ó ti tó oṣù mẹ́fà tí mo ti ń rí i pé Bàbá máa ń da omi tíì sí ẹ̀gbẹ́ ife. Bí ọkọ̀ bá tan iná wá láti iwájú ní alẹ́, yóò fi ọwọ́ bo ojú, yóò ní iná òde òní ti le jù. Ó ti kí mi ní orúkọ ẹ̀gbọ́n mi lẹ́ẹ̀mejì, kí n tó la ẹnu. Mo rí gbogbo rẹ̀, mo sì dákẹ́. Mo pe ìdákẹ́jẹ́ náà ní ọ̀wọ̀. Ta ni yóò sọ fún ògbójú ọdẹ pé ojú rẹ̀ ni kò ríran mọ́?

Dípò bẹ́ẹ̀, àbúrò ìyá mi tí ó ń gbé ní Texas, ní Amẹ́ríkà, ni mo pè lórí fóònù, pé kí ó kọ́ mi bí a ṣe ń tún ojú ìbọn ṣe. Mo mọ̀ pé ó ti wọ ẹgbẹ́ àwọn tí ń fi ìbọn díje níbẹ̀. Mo fẹ́ gbọ́ ohun tí n óò sọ fún alágbẹ̀dẹ. Mo sì fẹ́ kí ìbọn jẹ̀bi.

Irú ìbọn tí bọ̀dá mi ń lò kì í ṣe irú ti Bàbá. Irin ọwọ́ kan wà lábẹ́ rẹ̀, tí ó yí ibi tí a ń fi ìka fà ká. Bí a bá ti irin náà sílẹ̀ tí a sì fà á padà, karaun ọta tí a ti yìn yóò fò jáde, ọta tuntun yóò sì bọ́ sí àyè rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí irú ìbọn yìí ti wà. Wọ́n hùmọ̀ èyí tí wọ́n ń pè ní Henry ní ọdún 1860, ti Winchester tí ó lókìkí jù tẹ̀lé e ní 1873, John Browning sì ya àwòrán ti 1894 tí àwọn ọdẹ Amẹ́ríkà ṣì fẹ́ràn títí di òní.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé nǹkan òyìnbó tí kò kàn wá ni. Nígbà tí ọba Béhanzin ti Dàhómì ń múra ogun de àwọn Faransé, ó ra ìbọn ìgbàlódé lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò Jámánì, Winchester sì wà lára wọn. Nínú ogun ọdún 1892, àwọn obìnrin jagunjagun tí ayé ń pè ní Agojie gbé irú ìbọn bẹ́ẹ̀ dojú kọ ọmọ ogun Ọ̀gágun Dodds. Ní ọjọ́ 17 oṣù kọkànlá ọdún náà, Faransé wọ Àbómẹ̀. Bákan náà ni àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí ń gbé ní Èkó ṣe fi ìbọn tí a ń ki láti ìdí ránṣẹ́ sí àwọn ará ilé nígbà ogun Kírìjì, ogun tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 tí kò sì tú pátápátá títí di 1893. Ìbọn tuntun kò ṣàjèjì sí wa. Bí ènìyàn ṣe ń mọ ìbọn rẹ̀ ni iṣẹ́ wà.

Bọ̀dá mi ṣàlàyé ìdíje wọn fún mi, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín kú. Irin ni wọ́n fi gé ẹran ọ̀sìn tí wọ́n ń yìnbọn sí: adìyẹ ní mítà 50, ẹlẹ́dẹ̀ ní mítà 100, tòlótòló ní mítà 150, àgbò ní mítà 200. Orí ìdúró ni a ti ń yìn ín, láìfi ìbọn gbé ara lé ohunkóhun. Bí ọta bá ba irin, yóò ṣubú. Bí kò bá ṣubú, kò sí àwáwí.

Mo ní, “Ẹ sọ fún mi, bọ̀dá, báwo ni ẹ ṣe ń mú kí ojú ìbọn náà tọ́?”

Ó ní ohun àkọ́kọ́ ni pé a kì í tún ojú ìbọn ṣe lórí ìdúró. Ara ènìyàn ń mì. Bí a bá ń mì tí a sì ń yí ojú ìbọn, a kò ní mọ èyí tí ó fa àṣìṣe. Nítorí náà, ènìyàn yóò kọ́kọ́ jókòó, yóò gbé ìbọn lé àpò iyẹ̀pẹ̀, yóò sì yìn ín lẹ́ẹ̀mẹ́ta sí ojú kan náà. Ọta kan kò lè jẹ́rìí. Àárín ibi tí ọta mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bà ni a ó wò. Bí àárín náà bá yà sí òsì, a ó rọra fi irin bàbà àti òòlù kékeré ti àmì ẹ̀yìn sí ọ̀tún, nítorí ibi tí a bá fẹ́ kí ọta lọ ni a ń ti àmì ẹ̀yìn sí. Bí ó bá jẹ́ àmì iwájú ni a fẹ́ tì, òdìkejì ni. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ibi yìí máa ń dà láàmú, tí wọ́n á ti àmì sí ibi tí kò yẹ, tí àṣìṣe á di ìlọ́po méjì.

Ó tún fún mi ní ìṣirò kan tí mo kọ sínú ìwé. Ẹ mú ìwọ̀n ibi tí ọta fi yà, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú gígùn àárín àmì méjèèjì, kí ẹ wá fi bí ohun tí ẹ ń yìnbọn sí ṣe jìnnà tó pín in. Bí ọta bá fi sẹ̀ǹtímítà 10 yà ní mítà 50, tí àmì iwájú sì fi sẹ̀ǹtímítà 50 jìnnà sí ti ẹ̀yìn, mílímítà 1 péré ni a ó ti àmì náà. Ẹ wo bí ó ti kéré tó! Ohun tí kò tó ìdajì hóró ìrẹsì ní ìdí ìbọn ni ó di ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ́ọ̀ọ́kán.

Lẹ́yìn èyí ni ènìyàn yóò tó dìde dúró. Bọ̀dá mi ní kí n dúró, kí n di ojú méjèèjì, kí n gbé igi ìgbálẹ̀ bí ẹni gbé ìbọn, kí n tó la ojú. Igi náà ń wo ẹnu ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ fèrèsé ni mo fojú sùn kí n tó di ojú. Mo fẹ́ fi apá fà á padà. Ó kígbe lórí fóònù pé, “Rárá! Ẹsẹ̀ ni kí o ṣí. Bí o bá fi apá fà á, apá yóò rẹ̀ ọ́, yóò sì padà sí ibi tí ara fẹ́.” Ó ní kò sí ẹni tí ìbọn kì í mì lọ́wọ́ rẹ̀ lórí ìdúró. Kí ènìyàn má bá a jà, kí ó máa rọra fa irin bí àmì ti ń kọjá lára ohun tí a ń wò, kí ó má sì já a gbà. Ojú kò sì lè rí ohun mẹ́ta kedere lẹ́ẹ̀kan náà, ìyẹn àmì ẹ̀yìn, àmì iwájú àti ohun tí a ń yìnbọn sí. Àmì iwájú ni kí a jẹ́ kí ó mọ́lẹ̀ kedere. Kí méjì yòókù ṣe bàìbàì díẹ̀.

Àwa tí a kọ́ èdè Yorùbá máa ń lo ọ̀rọ̀ náà “àfojúsùn” nínú àpilẹ̀kọ bí ẹni pé inú ìwé ni wọ́n ti bí i. Ọjọ́ yẹn ni mo tó rò ó pé ojú gan-an ni ó wà ní àárín rẹ̀.

Nígbà tí mo ṣàlàyé ti Bàbá tán, bọ̀dá mi dákẹ́ díẹ̀. Ìbọn Bàbá kò ní àmì ẹ̀yìn rárá. Ìlẹ̀kẹ̀ irin kékeré kan ni ó wà nítòsí ẹnu rẹ̀. Inú ọ̀pá rẹ̀ sì dán ni, kò ní ilà tí ń yí ọta. Ó wá béèrè pé, “Ṣé ibì kan náà ni ọta máa ń bọ́ sí?” Mo ní n kò mọ̀. Ó ní, “Ẹ má tíì lọ sí ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ. Ẹ ki ọta kan ṣoṣo, kí Bàbá yìn ín lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kí ẹlòmíràn tí ojú rẹ̀ dára tún yìn ín lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Bí ọta àwọn méjèèjì bá kó ara wọn jọ sí apá ọ̀tún, ìbọn ni. Bí ti ẹnì kan bá kó ara jọ, tí ti ẹnì kejì sì fọ́n ká, a jẹ́ pé ìbọn kò mọ nǹkan kan.”

Mo mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀, ó sì wù mí kí n má ṣe é. Mo rántí ọmọ inú ahéré.

Bàbá gbà. Ó tilẹ̀ dùn mọ́ ọn pé a fẹ́ fi ẹ̀rí han ìbọn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan tí òun náà ń dọdẹ, tí ó wà lára àwọn tí ń bá ìlú ṣọ́ oko ní òru, ni ó tẹ̀lé wa. A rí ibi tí ó dára lẹ́yìn oko. Èmi tọ́ka sí ara àpáta, nítorí àpáta ni ó pọ̀ jù ní Ọ̀kà. Bàbá fọ̀ mọ́ mi pé, “Àpáta a máa dá ọta padà fún ẹni tí ó yìn ín. Wá òkìtì ilẹ̀.” Níwájú òkìtì ilẹ̀ ni a gbé pákó kan dúró sí, mo fi eérú ya àmì róbótó sí àárín rẹ̀, a sì ka ìṣísẹ̀ 30 sẹ́yìn. A lé gbogbo ènìyàn kúrò ní apá ibẹ̀.

Bàbá fi ìdí ìbọn ti èjìká. Ìdúró rẹ̀ dára ju ti gbogbo wa lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ fìdí múlẹ̀, èémí rẹ̀ balẹ̀. Ó yìn ín. Ọta àkọ́kọ́ ba òkè pákó ní apá òsì. Ó tún un kì, ó ní kí a má yára fún òun. Èkejì ba ìsàlẹ̀ ní apá ọ̀tún. Ẹ̀kẹta kò ba pákó rárá, erùpẹ̀ òkìtì ni ó tú.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gba ìbọn pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ kí ó tó dìde. Nígbà tí ó yìn ín tán lẹ́ẹ̀mẹ́ta, àtẹ́lẹwọ́ mi kan bo ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́lẹ̀. Wọ́n yà díẹ̀ kúrò lára eérú, ṣùgbọ́n òsì ni wọ́n yà sí.

Kò sí ẹni tí ó sọ̀rọ̀. Bàbá rìn lọ sí ìdí pákó. Kò wo ihò náà, ọwọ́ ni ó fi ń wá wọn. Ó fi ìka ọwọ́ rẹ̀ kan mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ó wà lójú kan, ó tún fi ọwọ́ rá pákó kiri títí ó fi rí méjì tirẹ̀. Ó wá béèrè lọ́wọ́ mi, láìyí ojú padà, pé, “Ìgbà wo ni o ti mọ̀, ọmọ mi?”

Mo ní, “Ẹ jọ̀wọ́, Bàbá, ó ti pẹ́.”

Ó ní, “O sì ń wò mí tí mo ń gbé ìbọn jáde?”

Ẹ̀yin olùkàwé mi, wọ́n ti bá mi wí rí, ṣùgbọ́n kò sí ìbáwí tí ó dùn mí tó ìyẹn. Àwọn àgbà ní bí ojú bá ń ṣepin, ojú ni à á fi í hàn. Mo ti fi ọ̀wọ̀ bo ojú tí ń ṣepin mọ́lẹ̀, ó sì kù díẹ̀ kí ọmọ ọlọ́mọ san gbèsè rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, a gbé Bàbá lọ sí ilé ìwòsàn ojú. Dókítà tan iná sí i lójú, ó ní ohun tí wọ́n ń pè ní kataráàtì ni. Nǹkan kan wà nínú ẹyinjú tí ó yẹ kí ó mọ́ gaara bí omi kànga, òun ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá. Bí ọjọ́ orí bá ń lọ, ó lè di funfun bí omi ògì. Òun ni ó ń fọ́ ènìyàn lójú jù lọ ní Nàìjíríà, àní ní gbogbo àgbáyé. Kì í sábà dun ni, nítorí náà ni a kì í fi í tètè mọ̀ ọ́n. Àmì rẹ̀ ni àwọn tí mo ti rí ní ilé: ìríran bí ẹni wà nínú èéfín, iná ọkọ̀ tí ń tàn yòò, àwọ̀ tí ń ṣá lójú. Kò sí oògùn tí a ń kán sójú tí ń wò ó, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà á fún àwọn òbí yín. Iṣẹ́ abẹ ni, kì í sì í pẹ́: wọn yóò yọ èyí tí ó ti di funfun, wọn yóò sì fi oníke tí ó mọ́ gaara rọ́pò rẹ̀. Èyí yàtọ̀ sí àrùn ojú kejì tí wọ́n ń pè ní glaucoma, tí ohun tí ó bá ti bàjẹ́ kò ṣeé dá padà mọ́. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí a fi ojú lásán pinnu èyí tí ó jẹ́. Ẹ gbé wọn lọ.

Wọ́n ti ṣe ojú ọ̀tún Bàbá. Ọjọ́ tí wọ́n tú aṣọ kúrò lójú rẹ̀, ó wò mí fún ìgbà pípẹ́, ó ní, “O ti rù o.” Ojú òsì ń dúró de ọjọ́ tirẹ̀.

Ní ti ìbọn, Bàbá kò gbé e fún ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, nítorí orúkọ ẹni tí ó wà lórí ìwé àṣẹ ni òfin mọ̀. Ó tì í mọ́ inú àpótí, ó sì fún ìyá mi ní kọ́kọ́rọ́. Ó ní bí wọ́n bá ṣe ojú kejì tán, pákó kan náà ni a ó tún gbé dúró níwájú òkìtì ilẹ̀, ní ìṣísẹ̀ 30. Bí àtẹ́lẹwọ́ mi bá bo ihò mẹ́ta tí òun bá yìn, òun yóò gba kọ́kọ́rọ́. Bí kò bá bò wọ́n, òun yóò dá ìbọn àti ìwé padà fún ìjọba, òun yóò sì máa sun ìjálá fún àwọn ọmọdé. Èmi ni ó yàn láti di ẹlẹ́rìí. Ó ní kí n má tún ṣe ọ̀wọ̀ lọ́jọ́ náà.

Púpọ̀ nínú wa ni ó ní ìbọn kan tí a ń dá lẹ́bi nínú ilé. Mọ́tò ni ó ń yà, kì í ṣe ọwọ́ Dádì. Iyọ̀ ni wọn kò ṣe dáadáa mọ́, kì í ṣe pé Màmá ti gbàgbé pé àwọn ti fi sí i lẹ́ẹ̀kan. Àwọn àgbà wa ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ẹlòmíràn náà yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ó bá jẹ́ ènìyàn ni, ẹ kúnlẹ̀ kí ẹ sọ ọ́ fún un tìfẹ́tìfẹ́.